ṢÉ SUNNY ADÉ BA JÙJÚ JẸ́ NI, ÀBÍ Ó TÚN UN ṢE?
Àríyànjiyàn tó ṣẹlẹ̀ lọ́jà Ìpàtà, àti ohun tí àwọn àwo fúnra wọn sọ

Ọ̀rọ̀ yìí, ìjà ló dá sílẹ̀ lọ́jà Ìpàtà, nílùú Ìlọrin. Kì í ṣe ìjà ìgbájú o, ìjà ẹnu ni. Àmọ́ ẹni tó bá mọ àwọn ìyá Ìpàtà dáadáa á mọ̀ pé ìjà ẹnu tiwọn le ju ti ẹ̀ṣẹ́ lọ.

Ata ni mo lọ rà. Ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe gbé ẹ̀rọ tó ń kọrin sórí tábìlì rẹ̀, orin Sunny Adé ló ń dún nínú ẹ̀. Sunny ti àtijọ́ ni, tí gìtá á máa sọ̀rọ̀, tí gángan á máa dá a lóhùn. Ìyá aláta tí mo dúró níwájú rẹ̀ ń ka tàtàṣé sínú ike, ó ń mi èjìká. Inú mi dùn, nítorí mo rí i pé bí orin yẹn bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, èènì tèmi á pọ̀.

Kò pẹ́ ni orin yẹn parí, òmíràn bẹ̀rẹ̀. Èyí dún bí ẹni pé inú ihò ni wọ́n ti ń lù ú. Ohùn ìlù á lọ, á tún padà wá bí ìgbà téèyàn pariwo lórí òkè. Ohùn oníná kan ń ké fíìn-ín fíìn-ín láàárín rẹ̀. Ìyá dáwọ́ dúró, tàtàṣé wà lọ́wọ́.

"Ọmọ yìí, kí ló dé tí o yọ Sunny kúrò?"

"Sunny náà nìyí, Àlàájà."

"Irọ́ lo pa! Sunny tí mo mọ̀ kọ́ nìyí. Èyí tí àwọn òyìnbó bà jẹ́ nìyẹn. Jọ̀ọ́, dá tèmi padà."

Télọ̀ kan wà lápá kejì, ó ń rán bùbá. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì. "Ẹ má bínú o, Màámi, ẹnikẹ́ni ò bà á jẹ́. Ibẹ̀ gan-an ló ti dùn jù."

Ha! Ó parí. Oníṣu dá sí i, alálùbọ́sà dá sí i. Alápatà kan tó ń kọjá lọ náà dúró, ó ní ní tòun o, ẹni tí kò bá ti kọ dàdàkúàdà bíi Odòlayé Àrẹ̀mú, kí wọ́n má wulẹ̀ pè é ní olórin létí òun. Wọ́n ní kó máa gbé ẹran rẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo ríi pé bí mi ò bá tètè dá sí i, ata mi ò ní kúrò nílẹ̀, mo ní: "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ fún mi láyè. Mo ti ń gbọ́ àwo ọkùnrin yìí ọjọ́ ti pẹ́. Màá kọ ohun tí mo mọ̀ sínú ìwé ìròyìn, kí gbogbo ayé bá wa dá a." Àlàájà wò mí lókè wò mí nílẹ̀. Ó ní, "Bí o bá kọ irọ́, má wá ra ata lọ́wọ́ mi mọ́."

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ bá mi gbọ́ ọ. Ata ni mo fi dúró.

ỌMỌ ONÍṢÒWÒ NI

Sunday Adéníyì Adégẹyẹ ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Òṣogbo ni wọ́n ti bí i, lọ́jọ́ 22 oṣù kẹsàn-án ọdún 1946, ṣùgbọ́n Oǹdó ni ìdílé rẹ̀, ìdílé ọba sì ni. Bàbá rẹ̀ a máa tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá rẹ̀ ńkọ́? Oníṣòwò ni. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ wá rí i pé tiyín ni.

Ó ń lọ sílé ìwé gíga ní Oǹdó. Ló bá sọ fún àwọn ará ilé pé òun ń lọ sí Yunifásítì Èkó. Ó dé Èkó lóòótọ́, àmọ́ yunifásítì tí ó wọ̀, gìtá ló wà níbẹ̀. (Ẹ̀yin tí ẹ lọ́mọ nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ka ibí yìí.)

Ẹgbẹ́ Federal Rhythm Dandies ló ti kọ́ṣẹ́. Ṣé ẹ mọ ọ̀gá tó ni ẹgbẹ́ náà? Moses Ọláìyá ni, ẹni tó padà wá di Bàbá Sàlá tó ń pa gbogbo wa lẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Sunny wà títí di ọdún 1967, tó gba ìyọ̀ǹda ara rẹ̀, tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ó pè é ní Green Spots.

ỌMỌ Ọ̀FÀ LÓ LÀNÀ

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká kí àwọn tó ti wà lọ́nà. Àwọn kan máa ń sọ pé jùjú àtijọ́ kì í yí padà, pé Sunny ló kó àyípadà dé. Ìyẹn ò rí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Túndé King gbé àwo jáde l'Ékòó lọ́dún 1936, èèyàn díẹ̀ ni wọ́n: ẹni kan mú bánjò, ẹni kan mú ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹni kan mú ìlù jùjú kékeré tí wọ́n ń fọwọ́ lù. Inú pálọ̀ ni orin yẹn bá mu. Ìwọ̀n ohùn tí gìtá ní nígbà náà kò jẹ́ kí ìlù pọ̀. Bí ẹ bá kó gángan mẹ́ta ti gìtá tí kò níná, kí lẹ fẹ́ gbọ́?

Nígbà tó di ọdún 1949, Àyìndé Bàkárè so gìtá mọ́ iná mànàmáná. Ẹ má fojú kékeré wo iṣẹ́ tí ọkùnrin yìí ṣe o. Bí gìtá ṣe ráyè pariwo báyìí, ìlù náà ráyè wọlé. Iná òyìnbó ló ṣílẹ̀kùn fún ìlù àwọn bàbá wa. Bí jùjú ṣe ń di tuntun sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń di ti Yorùbá sí i.

Lẹ́yìn náà ni I.K. Dáíró dé, ọmọ kíkàn wa. Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni ìdílé rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Ọ̀fà ni wọ́n bí i sí, Ọ̀fà tó wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Kwara yìí. Bàbá rẹ̀ ló ṣe ìlù fún un nígbà tó wà ní ọmọdé. Owó kò sí nílé, ó fi ilé ìwé sílẹ̀. Ó ṣe iṣẹ́ onígbàjámọ̀, ó kiri aṣọ, ó ṣe iṣẹ́ lébìrà. Alẹ́ ló fi ń lu ìlù. Lọ́dún 1957 ó dá ẹgbẹ́ Morning Star sílẹ̀, èyí tó wá di Blue Spots. Òun ló gbé àkọ́díónì wọ inú jùjú, tó ń tẹ̀ ẹ́ tó ń fà á bí ẹni ń fẹ́ná. Ní 1963, ọba obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún un ní oyè MBE. Onígbàjámọ̀ ọjọ́sí!

Ẹ wá wò ó: Dáíró ní Blue Spots, aláwọ̀ búlúù. Ọmọdé Oǹdó dé, ó ní tòun Green Spots, aláwọ̀ ewé. Ẹ rí i pé kì í ṣe pé Sunny kò mọ àgbà. Ó mọ̀ wọ́n, ó fẹ́ bá wọn du ọjà ni.

ÀWO KÉKERÉ, ORIN KÚKURÚ

Níbẹ̀rẹ̀, Sunny kò tíì dá ohùn tirẹ̀ mọ̀. Ohùn òkè tín-ín-rín bíi ti Túndé Nightingale ló ń lé. Àwo kékeré ló wà lóde nígbà náà, ojú kan rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Kí lèèyàn fẹ́ sọ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta? Ẹ ó kí olówó kan, ẹ ó dárúkọ bàbá rẹ̀, ó tán.

Orin tó gbé e jáde, bọ́ọ̀lù ni ó dá lé lórí. Challenge Cup ni wọ́n pè é, ó fi yin ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Stationery Stores ti Èkó. Àwọn tí kì í lọ òde àríyá pàápàá ra àwo yẹn. Ọmọkùnrin yẹn gbọ́n. Ó mọ̀ pé olówó kan lè gbowó lé ọ lórí lónìí kó gbàgbé rẹ lọ́la, ṣùgbọ́n ìlú tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ò ní gbàgbé ẹ.

NÍBI TÍ IṢẸ́ TI DI ÌJÀ

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ súnmọ́bí. Ọ̀rọ̀ yín la fẹ́ sọ.

Ilé iṣẹ́ African Songs ló ń gbé àwo Sunny jáde látìbẹ̀rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ń ròkè, àwo ń tà, ṣùgbọ́n nígbà tó wo ìpín tó ń kàn án, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ní ọdún 1974, ọ̀rọ̀ di ti ilé ẹjọ́, òun àti wọn sì pínyà. Ó dá ilé iṣẹ́ àwo tirẹ̀ sílẹ̀, ó pè é ní Sunny Alade. Ó sì yí orúkọ ẹgbẹ́ padà, Green Spots di African Beats.

Mo mọ wẹ́dà kan tó ṣe géètì fún ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ. Gbogbo géètì tó bá ti rí bí ẹyẹ ológe, òun ló ṣe é. Nígbà tó gba ìyọ̀ǹda, ó dé ọ̀dọ̀ oníbàárà kan, oníbàárà ní, "Ọ̀gá rẹ ni mo fẹ́, òun ló mọ géètì ẹlẹ́yẹ ṣe." Ó sunkún lọ́jọ́ yẹn. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n orúkọ ẹlòmíràn ló wà lára rẹ̀.

Ohun tí Sunny sá fún nìyẹn. Láti ìgbà tó ti ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ fún un mọ́ pé orin yìí ti gùn jù, tàbí pé gìtá yìí ti pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó fi òmìnira yẹn ṣe.

BÍ ẸNI Ń HUN ÒFÌ

Àwo ńlá ti dé nígbà náà, èyí tí ojú kan rẹ̀ ń lọ sí nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Dípò tí Sunny ì bá fi kó orin kúkurú mẹ́fà sójú kan, ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Orin kan ń wọ inú èkejì, láìdúró, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń rí lóde ìnáwó. Bí ẹ bá fi àwo náà sílé, òde àríyá ti dé pálọ̀ yín. Ní 1976 ó gbé Synchro System Movement jáde. Synchro yẹn, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí gbogbo nǹkan máa rìn pọ̀ ní ìṣísẹ̀ kan.

Ẹ wo bí wọ́n ti ń ṣe é. Ẹ̀yin ará Ìlọrin mọ òfì híhun. Fọ́nrán òwú kan ṣoṣo, kò jẹ́ nǹkan kan. Bí ẹ bá kó ọgọ́rùn-ún jọ, tí èyí gba òkè, tí èyí gba ìsàlẹ̀, aṣọ dé. Bẹ́ẹ̀ ni gìtá Sunny. Gìtá mẹ́rin, márùn-ún lè wà lórí ìtàgé. Ọ̀kan ń sọ ohùn mẹ́ta péré, ó ń tún un sọ láìsinmi. Èkejì ń wọ àlàfo tí èkíní fi sílẹ̀. Ẹ̀kẹta ń dá àwọn méjèèjì lóhùn. Kò sí èyí tó le nínú ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ta, ìdarapọ̀ rẹ̀ ló le. Lórí rẹ̀ ni Sunny fúnra rẹ̀ ti ń ta tirẹ̀, tí gángan sì ń fọ̀ ohun tí ẹnu ò tíì sọ.

Ó tún wá gbé ohun kan wọlé tí ẹnikẹ́ni kò rò pé ó lè bá ìlù Yorùbá mu: gìtá Hawaii, èyí tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ bí tábìlì, tí wọ́n ń fi irin yọ́ lórí okùn rẹ̀. Adémọ́lá Adépọ̀jù ló ń ta á. Àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà tó ń da màlúù ló fẹ́ràn gìtá yìí nínú orin tiwọn. Àmọ́ ẹ tẹ́tí sí i nínú àwo Sunny. Ohùn rẹ̀ kì í fò láti àkàsọ̀ kan sí èkejì, ó ń yọ́ láti òkè wá sílẹ̀, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Kí ló tún ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ṣebí ìlù gángan ni! Ṣebí ohùn ẹnu àwa Yorùbá náà ni! Ohun tó ti òkèèrè wá ni, ṣùgbọ́n ó dé ilé wa, ó bá ẹbí rẹ̀.

Nígbà yẹn náà, atẹ́gùn rọ́ọ̀kù ń fẹ́ l'Ékòó. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta kan, Berkely Jones, Láolú Akins àti Mike Odùmósù, dá ẹgbẹ́ BLO sílẹ̀, wọ́n gbé àwo Chapter One jáde lọ́dún 1973. Gìtá tó ń pariwo bí ààrá ni tiwọn. Àwọn ìyá wa ò fi bẹ́ẹ̀ jó o, àmọ́ ẹ má gbàgbé orúkọ Láolú Akins yẹn, a ṣì máa padà sí i.

Lápá kejì ẹ̀wẹ̀, Ebenezer Obey ń bẹ níbẹ̀ tó ń fi Miliki tirẹ̀ gbani nímọ̀ràn pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Ìlú pín sí méjì. Àwọn kan ní Obey ló lọ́gbọ́n, àwọn kan ní Sunny ló mọ ijó. Àwọn tọkọtaya wà tó jẹ́ pé ọkọ ń gbọ́ ti Obey, ìyàwó ń gbọ́ ti Sunny, tí àwo sì ń dá ìjà sílẹ̀ ju owó oúnjẹ lọ.

ÒYÌNBÓ DÉ, WỌ́N NÍ Ó GÙN JÙ

A ti dé ibi tó ń bí Àlàájà aláta nínú.

Lóṣù karùn-ún ọdún 1981 ni Bob Marley kú. Island ni ilé iṣẹ́ tó ń gbé àwo rẹ̀ jáde ní ìlú òyìnbó. Wọ́n wá ẹlòmíràn tí wọ́n lè gbé lọ ká gbogbo ayé, ojú wọn sì dé ọ̀dọ̀ Sunny. Òyìnbó ilẹ̀ Faransé kan, Martin Meissonnier, ló bójú tó iṣẹ́ náà. Ìlú Lomé ní Tógò ni wọ́n ti lọ gbohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó sì jáde lọ́dún 1982. Wọ́n pè é ní Juju Music.

Kí ni wọ́n wá yí padà nínú rẹ̀? Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n gé e. Dípò ojú kan tó ń lọ láìdúró, orin méje ni wọ́n pín in sí, nítorí rédíò òyìnbó kì í fún orin kan ní ogún ìṣẹ́jú. Lẹ́ẹ̀kejì, oríkì àwọn olówó dínkù. Kí ni ará Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ fi oríkì olóyè ará Ìbàdàn ṣe? Kò mọ bàbá rẹ̀, kò mọ ìyá rẹ̀. Nítorí náà, àlàfo tí oríkì fi sílẹ̀, ìlù àti gìtá ló kún un. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n lo ọgbọ́n tí àwọn ará Jàmáíkà fi ń ṣe orin tiwọn. Wọ́n á mú ohùn ìlù kan, wọ́n á jẹ́ kó máa dún padà bí ohùn inú kànga. Wọ́n fi dùùrù oníná kún un. Ohun tí Àlàájà gbọ́ tó fi ní Sunny kọ́ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o. Púpọ̀ nínú àwọn orin tó wà nínú àwo yẹn, a ti jó o nílé kí òyìnbó tó gbọ́ ọ. Ẹ mú 365 Is My Number. Ó ti wà nínú àwo The Message tó gbé jáde nílé lọ́dún 1981. Aṣọ kan náà ni, wọ́n tún un rán fún ẹlòmíràn ni. Télọ̀ mọ ohun tí mo ń sọ. Aṣọ tó bá ìyá wa mu, kò lè bá ọmọ òyìnbó tó tín-ín-rín mu. Ẹ ó gé apá rẹ̀, ẹ ó fún ìbàdí rẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ yẹn kò tíì di ti òyìnbó.

Ní 1983, Synchro System tẹ̀ lé e. Wọ́n yàn án pẹ̀lú àwọn tó ń du ẹ̀bùn Grammy ní Amẹ́ríkà. Olórin Nàìjíríà kankan ò tíì débẹ̀ rí ṣáájú rẹ̀. Ní 1984 ni Aura. Nínú èyí, dùùrù oníná àti ìlù oníná pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, Stevie Wonder, afọ́jú olórin ńlá ti Amẹ́ríkà, sì fun fèrè ẹnu sí orin kan tó ń jẹ́ Ase.

Bẹ́ẹ̀, àwo náà kò tà tó bí Island ṣe rò. Bob Marley kejì ni wọ́n ń wá, Sunny kìíní ni wọ́n rí. Sunny fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ pé òun kò gbà kí wọ́n sọ orin òun di ti òyìnbó pátápátá. Wọ́n bá a tú ìwé àdéhùn. Ká ní ọmọ ẹlòmíràn ni, á kọrin Gẹ̀ẹ́sì látòkè délẹ̀ kí owó má bàa lọ.

ILÉ WÁ ŃKỌ́?

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ nìyí. Ní gbogbo ìgbà tí Sunny ń ṣe ti òyìnbó yìí, kò ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ilé. Ọdún 1981 ló gbé Check E jáde fún wa. Nígbà tó di 1982, ọdún tí Juju Music wọ̀lú òyìnbó, Ariya Special ló wà lọ́jà nílé, gígùn bó ṣe yẹ kó gùn, ìlù pé, oríkì pé. Ọjà méjì ló ń ná lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ata rodo, ẹ mọ̀ pé èyí tí ẹ ń kó fún olóúnjẹ yàtọ̀ sí èyí tí ẹ ń wọ̀n fún ìyàwó ilé, síbẹ̀ oko kan náà ló ti wá.

Ìyà ò ṣàì jẹ ẹ́ o. Láàárín àwọn ọdún 1980 yẹn, ìrìnàjò òkèèrè dá ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀ láàárín òun àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fi í sílẹ̀. Ó kó àwọn tuntun jọ, ó pè wọ́n ní Golden Mercury. Àwa tí a bá Sunny fi ẹnu ko ilé iṣẹ́ tó rẹ́ ẹ jẹ ní 1974, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ níhìn-ín pẹ̀lú: ẹni tó bá ti di ọ̀gá, tirẹ̀ náà ni kó wo ìpín àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ta gìtá ohùn mẹ́ta láìsinmi láti alẹ́ di òwúrọ̀, òun náà hun òwú nínú aṣọ yẹn.

Ní 1989, ohun méjì ṣẹlẹ̀. Sunny àti Onyeka Onwenu, obìnrin olórin ọmọ Ìgbò tó kú lọ́dún 2024, jọ kọ Wait for Me, orin Gẹ̀ẹ́sì tó ń rọ àwọn ọ̀dọ́ tó ń fẹ́ra pé kí wọ́n ní sùúrù. Ètò ìfètòsọ́mọbíbí ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é. Ọ̀pọ̀ ìyá tí kò lè bá ọmọbìnrin rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ yẹn lójúkojú, rédíò bá a sọ ọ́.

Ọdún yẹn kan náà ni Shina Peters gbé Ace jáde, tí gbogbo ìlú ya wèrè. Ìlù rẹ̀ yára, ó gbóná, wọ́n ní àwọn àgbà jùjú ti parí. Ta ló bójú tó bí wọ́n ṣe gba ohùn àwo yẹn sílẹ̀? Láolú Akins ni, onílù rọ́ọ̀kù BLO tí mo ní kí ẹ má gbàgbé! Ẹ ò rí i bí? Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ ò jó rọ́ọ̀kù rí, ẹ ti jó o pẹ̀lú gèlè lórí, ẹ̀yin ni ẹ ò mọ̀.

Sunny kò parí o. Ní 1998 ó gbé Odù jáde. Ó ti kó ọ̀pọ̀ nǹkan oníná kúrò nílẹ̀, ó jẹ́ kí gángan àti àwọn elégbè gba àyè wọn padà, orin àgbà ló sì kún ibẹ̀. Àwọn Amẹ́ríkà tún yàn án fún Grammy lẹ́ẹ̀kejì. Ó lọ jìnnà, ó padà wálé, wọ́n ṣì mọ̀ ọ́n lọ́hùn-ún.

ẸJỌ́ TÓ GBÉ ỌDÚN MẸ́TÀLÉLÓGÚN

Mo fi èyí sẹ́yìn nítorí pé òun ló ká mi lára jù. Àwọn àwo àtijọ́, àwọn tí Àlàájà aláta ń mi èjìká sí, lọ́wọ́ ta ni wọ́n wà? Ní 1997, Sunny pe African Songs àti ilé iṣẹ́ kejì lẹ́jọ́ pé wọ́n ń tẹ iṣẹ́ òun tà láìgbàṣẹ. Ẹjọ́ ń lọ, ẹjọ́ ń bọ̀. Adájọ́ ń lọ, òmíràn ń dé. Ọdún 2020 ni ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó tó dá a láre, pé kí wọ́n san 500 mílíọ̀nù náírà fún un. Ẹni tó pe ẹjọ́ nígbà tó lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún, ó ti lé ní àádọ́rin kó tó gbọ́ ìdájọ́.

Ìdí tí mo fi sọ ọ́ nìyí. Gbogbo ohùn tó ń yí padà látọdún dé ọdún yẹn, òmìnira ló jẹ́ kó ṣeé ṣe. Ìgbà tó di ọ̀gá ara rẹ̀ ló tó lè so orin pọ̀ di ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tí òyìnbó ní kó di ẹlòmíràn, ó ní ilé tó lè padà sí. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá fẹ́ tọwọ́ bọ̀wé, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀wé kà á sí yín létí. Kí orúkọ yín wà lára géètì yín.

MO PADÀ SÍ ÌPÀTÀ

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo padà lọ. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún Àlàájà bí mo ṣe rò ó fún yín yìí. Ó gbọ́ ọ tán, kò sọ nǹkan kan. Ló bá pe ọmọ alátùn-únṣe fóònù yẹn, ó ní, "Gbé ti òyìnbó yẹn sí i kí n tún un gbọ́."

Ọmọ gbé e sí i. Ìyá tẹ́tí. Ohùn inú ihò yẹn ń lọ, ó ń bọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni gángan kan jáde láàárín rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ kan. Ìyá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ gbọ́! Ó ń pe orúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀. Òun ni lóòótọ́." Télọ̀ ní, "Mo sọ ọ́ fún yín." Ìyá ní, "Dákẹ́. Òun ni, àmọ́ ti àtijọ́ ló dùn jù."

Ó fún mi léèní o. Tàtàṣé mẹ́ta.

Ní tèmi, mo ti dá ẹjọ́ tèmi: kò bà á jẹ́. Ó fẹ̀ ẹ́ lójú ni, gẹ́gẹ́ bí Bàkárè àti Dáíró ti ṣe ṣáájú rẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́? Ti Àlàájà lẹ fara mọ́ ni, àbí ti télọ̀? Ẹ kọ̀wé sí wa, ká gbé e sójú ìwé àwọn òǹkàwé. Alápatà tó ní dàdàkúàdà ló jù, ìwọ náà lè kọ̀wé, àmọ́ kọ́kọ́ gbé ẹran rẹ délé ná.